Ìwọ̀n Eku ni Ìwọ̀n Ìtẹ́: Ẹ̀rọ Ìdárayá, Ìtàn Rẹ̀ àti Orúkọ Tí Wọ́n Sọ Ọ́

Okaishie jẹ́ àdúgbò kan ní àárín gbùngbùn ìlú Accra, kò sì jìnnà sí ọjà Makola. Oríṣiríṣi ọjà ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òògùn òyìnbó ni ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká káàkiri ilẹ̀ Gáná. Ibẹ̀ ni àwọn tí ń ta òògùn ní páálí-páálí fi ṣe ibùjókòó, ibẹ̀ sì ni àwọn onílé òògùn kéékèèké ti ń wá ra ọjà. Nínú páálí òògùn ni ìwé pélébé kan máa ń wà tí ó ń sọ iye hóró tí àgbà yóò lò, iye tí ọmọdé yóò lò, àti àwọn tí kò gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án rárá. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ yìí dunjú kò jẹ́ sọ pé òògùn ṣáà ni òògùn, kí oníkálukú máa lò ó bí ó bá ti wù ú. Ohun tí ó wo ẹnì kan sàn lè pa ẹlòmíràn bí ìwọ̀n rẹ̀ bá ti yàtọ̀.

Irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìdárayá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé òògùn ni ẹ̀rọ yìí nígbà tí òkìkí rẹ̀ kọ́kọ́ kàn láyé. Dókítà ni ó ṣe é, aláìsàn ni ó ṣe é fún, ìwọ̀n sì ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ èdè Yorùbá àti àwọn tí ń ṣe ìwé atúmọ̀ èdè ti gbàgbé èyí, ìgbàgbé náà sì ti wọ inú orúkọ tí wọ́n sọ ẹ̀rọ náà. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí ọmọ yìí ti wá, ẹnikẹ́ni kò yà síbẹ̀ wò.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn kan ní kí Yorùbá gba orúkọ Gẹ̀ẹ́sì, kí a yí àkọtọ́ rẹ̀ padà, kí ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Lójú tiwọn, ẹni tí ó ra mọ́tò kò wá orúkọ mìíràn fún un. Mọ́tò ni ó ń jẹ́ títí di òní, èyí kò sì dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti wọ̀ ọ́. Àwọn kejì, tí wọ́n pọ̀ jù nínú ilé-ẹ̀kọ́, kó gbogbo rẹ̀ jọ sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo, ‘ẹ̀rọ eré ìdárayá’: èyí tí alárùn rọpárọsẹ̀ fi ń kọ́ bí a ti ń gbé ẹsẹ̀, èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin fi ń wú iṣan àyà, àti èyí tí olówó rà sí yàrá tí ó wá di ibi tí ó ń sá aṣọ sí. Àwọn ẹgbẹ́ kìíní rò pé orúkọ tí wọ́n fẹ́ yá kò ní ẹrù kankan lórí. Àwọn ẹgbẹ́ kejì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan, ‘eré’, bo ìtàn ọgọ́rùn-ún ọdún mọ́lẹ̀. Èdè kọ́ ni wọn kò gbọ́. Ìtàn ni wọn kò kà.

Ìtàn náà nìyí. Kí ẹ̀rọ tó dé, ọwọ́ ni wọ́n ń lò. Pehr Henrik Ling dá ilé-ẹ̀kọ́ ìdárayá sílẹ̀ ní Stockholm, olú-ìlú Sweden, ní ọdún 1813, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń fi ìgbòkègbodò ara wo àìsàn. Ìgbòkègbodò kan wà tí aláìsàn ń dá ṣe. Òmíràn wà tí olùtọ́jú ń bá a ṣe nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sinmi. Ẹ̀kẹta ni èyí tí aláìsàn ń ti apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ síwájú, tí olùtọ́jú sì ń rọra dá a dúró. Ẹ̀kẹta yìí ni ó ṣòro jù láti wọ̀n. Ọwọ́ máa ń ro ni. Agbára tí olùtọ́jú fi dá aláìsàn àárọ̀ dúró kọ́ ni yóò fi dá ti ìrọ̀lẹ́ dúró, kò sì sí bí ó ṣe lè kọ iye rẹ̀ sínú ìwé kí ẹlòmíràn kà á lọ́jọ́ kejì.

Gustav Zander (1835–1920) ni dókítà tí ó wá ojútùú sí ìṣòro yìí. Dípò ọwọ́ olùtọ́jú, ó fi ọ̀pá irin kan sí i, ó fín òǹkà sí ara ọ̀pá náà, ó sì fi irin wíwúwo kan sí orí rẹ̀ tí a lè tì síwá sẹ́yìn. Bí irin náà bá ti jìnnà sí ìdí ọ̀pá tó ni yóò ti wúwo tó fún ẹni tí ń gbé e. Àwọn àgbà tí wọ́n ta kòkó nígbà ayé àwọn òṣùwọ̀n onírin mọ ọgbọ́n yìí: ọgbọ́n kan náà ni alágbàtà fi ń ti òkúta irin lórí ọ̀pá òṣùwọ̀n títí ọ̀pá yóò fi dúró déédéé. Ohun tí Zander ṣe ni pé ó gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ ní ibi tí kò sí tẹ́lẹ̀, láàárín olùtọ́jú àti iṣan aláìsàn. Láti ọjọ́ náà ni dókítà ti lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé òǹkà kẹta ni ti obìnrin yìí lọ́sẹ̀ yìí, kí ó sì di òǹkà kẹrin lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.

Ní ọdún 1865 ni ó ṣí ilé ìtọ́jú rẹ̀ ní Stockholm pẹ̀lú ẹ̀rọ 27. Nígbà tí ó fi máa di 1877, oríṣi ẹ̀rọ 53 ni ó wà. Àwọn kan ń dúró de agbára aláìsàn. Àwọn mìíràn, tí ooru omi ń tì, ni wọ́n ń mì í, tí wọ́n ń po ikùn rẹ̀, tàbí tí wọ́n ń gbọ̀n ọ́n bí ẹni tí ó gun ẹṣin. Ní 1876 ó kó wọn lọ sí ibi àfihàn àgbáyé ní Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Àwòrán àwọn tí ń lo ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣì wà títí di òní, ohun kan sì wà nínú wọn tí ó yẹ kí olùkọ́ fi han akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀: kóótù àti táì ni àwọn ọkùnrin wọ̀, aṣọ gígùn dé ilẹ̀ ni àwọn obìnrin wọ̀. Ẹni tí ń retí àtilàágùn kì í múra bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó lọ gba ìwọ̀n òògùn tirẹ̀ ni ó ń múra bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí ẹ̀rọ náà dé ọwọ́ àwọn olówó ni eré wọ̀ ọ́. Ọkọ̀ ojú omi Titanic, tí ó rì ní 1912, ní yàrá ìdárayá tí ẹṣin àti ràkúnmí oníná wà nínú rẹ̀. Ilé ìwẹ̀ Fordyce, tí wọ́n ṣí ní Hot Springs ní ìpínlẹ̀ Arkansas ní 1915, kó ẹ̀rọ sí yàrá fún àwọn tí wọ́n rí owó wá gbafẹ́ níbẹ̀. Ààrẹ Calvin Coolidge gan-an ní ẹṣin oníná kan nínú ilé ìjọba Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1920. Kò sí ohun tí ó burú nínú gbígbafẹ́. Ṣùgbọ́n òǹkà ara ọ̀pá ni ó kọ́kọ́ sọnù nígbà tí a kò bá bi ẹnikẹ́ni pé kí ni ó ń ṣe é. Àwọn ìwé kan tilẹ̀ wà tí wọn kò mẹ́nu ba Sweden rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtàn ẹ̀rọ ìdárayá láti ọ̀dọ̀ Arthur Jones àti ẹ̀rọ Nautilus tí ó gbé jáde ní 1970, bí ẹni pé ọdún 105 tí ó ṣáájú rẹ̀ kò sí nínú kàlẹ́ńdà.

Ìdajì ìtàn nìyẹn. Ìdajì kejì kò ti ọ̀dọ̀ dókítà wá.

Ní nǹkan bí ọdún 1818 ni William Cubitt, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Ipswich ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ẹ̀rọ kan kalẹ̀ fún àwọn ọgbà ẹ̀wọ̀n, nítorí pé ọwọ́ àwọn ẹlẹ́wọ̀n dilẹ̀ jù lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dà bí àgbá gígùn kan tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, tí wọ́n wá kan pákó àtẹ̀gùn yí i ká. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n yóò tò sí orí rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, wọn yóò di ọ̀pá kan mú lókè, wọn yóò sì máa gùn. Bí wọ́n bá ti tẹ pákó kan ni yóò lọ sílẹ̀, tí òmíràn yóò sì dé. Àtẹ̀gùn tí kò lókè ni. Wọ́n gbé e sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Brixton ní London ní 1821, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn kálẹ̀. Níbì kan, ó ń lọ ọkà tàbí ó ń fa omi. Níbòmíràn, afẹ́fẹ́ nìkan ni ó ń lọ̀, kò sí ohunkóhun ní ìdí rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ ní treadmill: ìdajì kìíní orúkọ náà ni kí a fi ẹsẹ̀ tẹ nǹkan, ìdajì kejì ni ọlọ. Ọlọ tí a fi ẹsẹ̀ ènìyàn yí ni.

Àwọn aláwọ̀ dúdú sì mọ ọlọ yìí ju bí àwọn tí ń polówó rẹ̀ lónìí ti rò lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1834, òfin tí ó fòpin sí oko ẹrú bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní àwọn erékùṣù Karíbéánì tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso. Ní Jàmáíkà, wọ́n ní kí àwọn tí wọ́n jẹ́ ẹrú ṣì máa sin ọ̀gá wọn fún ọdún mélòó kan sí i, gẹ́gẹ́ bí ọmọ iṣẹ́. Ọ̀gá kò ní àṣẹ mọ́ láti na ẹnikẹ́ni fúnra rẹ̀. Adájọ́ ni yóò rán onítọ̀hún lọ sí ilé ìfìyàjẹ, ibẹ̀ ni treadmill wà. James Williams, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó kọjá nínú ìyà yìí, sọ ìtàn ara rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1837. Wọ́n ń so ọwọ́ ènìyàn mọ́ ọ̀pá òkè. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tàsé yóò máa fi ọwọ́ rọ̀ dirodiro, pákó yóò sì máa gbá a ní ojúgun bí àgbá ti ń yí. Wọ́n ń nà wọ́n lórí rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Ìwé kékeré náà wà lára ohun tí ó jẹ́ kí ariwo pọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí ètò ọmọ iṣẹ́ náà fi dópin ní 1838. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àti àrọ́mọdọ́mọ wọn ni wọ́n so mọ́ ọ̀pá yẹn. Ṣé irú ẹ̀rọ yìí ni àwọn olùkọ́ wa ń fi ‘eré’ pè láìsọ gbólóhùn kan nípa ibi tí ó ti wá?

Ó tún ku ibì kan. Òfin ọgbà ẹ̀wọ̀n ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1865 to oríṣi iṣẹ́ àṣekára lẹ́sẹẹsẹ: títẹ treadmill wà níbẹ̀, fífi ọwọ́ yí ẹ̀rọ kan tí kò ṣe nǹkan kan wà níbẹ̀, gbígbé bọ́ọ̀lù irin láti ibì kan lọ sí ibòmíràn kí a sì tún gbé e padà wà níbẹ̀, òkúta fífọ́ náà wà níbẹ̀. Ọdún 1865 kan náà ni Zander ṣílẹ̀kùn ilé ìtọ́jú rẹ̀. Nígbà tí adájọ́ ní Gold Coast tàbí ní Èkó bá dá ẹ̀wọ̀n fún ènìyàn ‘pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára’, inú òfin Gẹ̀ẹ́sì ni gbólóhùn náà ti wá. Yorùbá túmọ̀ rẹ̀, ó sì túmọ̀ rẹ̀ dáadáa. Àṣekára: a ṣe é títí ara fi kan. Ẹni tí ó tú ọ̀rọ̀ yẹn kò fi ‘eré’ kún un. Ó mọ̀ pé ohun tí ara ń ṣe kọ́ ni ó ń fún iṣẹ́ lórúkọ. Ẹni tí ó pàṣẹ rẹ̀, iye tí ó pa láṣẹ, àti ẹni tí èrè rẹ̀ ń bá lọ ilé ni. Oscar Wilde, òǹkọ̀wé tí wọ́n dá ẹ̀wọ̀n ọdún méjì fún pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára ní 1895, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún un.

Bí ó bá ṣòro láti gbà, kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí ọjà ní Accra ní àárọ̀ kan. Láàárín Makola àti Okaishie, àwọn alábàárù ń ru ẹrù lórí láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọ̀dọ́mọbìnrin láti ìhà àríwá Gáná tí wọ́n ń pè ní kayayei. Páálí orí wọn lè wúwo ju irin tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ń sanwó láti gbé ní ìrọ̀lẹ́ ní ìlú kan náà. Ọrùn, ẹ̀yìn àti orúnkún ni wọ́n ń lò, àwọn iṣan kan náà. Ta ni yóò dúró níwájú ọ̀kan nínú wọn kí ó sọ fún un pé eré ìdárayá ni ó ń ṣe?

Àárín ìyà àti ìwòsàn yìí ni ìmọ̀ tòótọ́ nípa ẹ̀rọ náà ti jáde. Ní àwọn ọdún 1850, Edward Smith, dókítà kan ní London, lo treadmill ọgbà ẹ̀wọ̀n Coldbath Fields láti wọn ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí èémí ènìyàn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ní 1952, dókítà Robert Bruce àti onímọ̀ ẹ̀rọ Wayne Quinton, ní Yunifásítì Washington ní Seattle, ṣe èyí tí iná ń yí, tí wọ́n fi ń yẹ ọkàn aláìsàn wò. Ètò ìdánwò tí Bruce kọ jáde ní 1963 ni pé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta ni wọn yóò máa fi kún eré ẹ̀rọ náà àti gíga rẹ̀, tí ojú wọn yóò sì wà lára ìlù ọkàn onítọ̀hún. Ọlọ ọgbà ẹ̀wọ̀n di irinṣẹ́ dókítà nígbà tí òǹkà padà sí ara rẹ̀. Ní ìparí àwọn ọdún 1960 ni William Staub wá ṣe èyí tí ó rọrùn láti gbé sílé, ó sì bọ́ sí ọjà láìsí dókítà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọn yóò sọ níbí pé ìtàn òyìnbó ni gbogbo èyí, pé kò kan Yorùbá. Irọ́ ni. Ní Ìgbóbì ní Èkó, ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fara gbọgbẹ́ nínú ogun Hítílà, ilé ìwòsàn egungun fìdí múlẹ̀ ní 1945, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ físíò ti bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní Accra, ilé ìwòsàn ológun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí ‘37’ bẹ̀rẹ̀ ní 1941 nítorí ogun kan náà. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní físíò fún oyè dìgírì ní 1966. Ní 1961, ní Nsawam, ní ọ̀nà Kumasi láti Accra, àwọn ìjọ Kátólíìkì dá ibi kan sílẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá àti irin ẹsẹ̀ fún àwọn ọmọ tí àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú. Vincent Nwuga, tí ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n físíò ní Ilé-Ifẹ̀, tẹ ìwé jáde lórí ìtọ́jú ọ̀pá ẹ̀yìn ní 1976. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ gbogbo àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ibi wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ará ilé wa ni wọ́n ń tọ́jú.

Àwọn mìíràn yóò gba òdìkejì ọ̀nà, wọn yóò ní Yorùbá ti ní gbogbo rẹ̀ kí òyìnbó tó dé. Ìyẹn náà jẹ́ àsọdùn. Zander kò gbé ní Ọ̀yọ́. Ohun tí ó wà ni ìmọ̀ ọwọ́, irú èyí tí Ling ní. Ìyá àgbà tí ó wẹ ọmọ tuntun tán, tí ó wọ́ ọ, tí ó na apá rẹ̀ àti ẹsẹ̀ rẹ̀, ń ṣe ìgbòkègbodò tí olùtọ́jú ń bá aláìsàn ṣe. Kẹ̀kẹ́ onípákó ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí káfíńtà ń kàn fún ọmọ tí ń kọ́ ìrìn, ẹ̀rọ ni, kò sì sí ẹni tí ó lè fi ojú kékeré wò ó: ó ń gba díẹ̀ lára ìwúwo ọmọ náà, ó sì ń fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní ti teguntegun, tí ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ àti aṣọ di egungun tí ó ṣẹ́, ọ̀pọ̀ ni ó ti bá tún ẹsẹ̀ ṣe. Síbẹ̀, àwọn oníṣègùn òyìnbó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìdè náà bá le jù: ẹ̀jẹ̀ kò ní lè ṣàn, ẹran ara a kú, wọn a sì gé ẹsẹ̀ náà. Ìdè kan náà, igi kan náà, ọ̀tọ̀ ni ìwọ̀n. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, àwọn baba wa ní òwe náà. Ohun tí wọn kò ní ni òǹkà tí a lè kọ sílẹ̀ fún ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Nítorí náà, kí àwọn tí ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ padà sí orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ní. Ìdárayá: ì, dá, ara, yá. Kí ni ‘ara yá’ túmọ̀ sí? Ẹni tí ó ń ṣàìsàn ni à ń sọ pé ara rẹ̀ kò yá. Ẹni tí ó bá ti gbádùn, wọn a ní ara rẹ̀ ti yá. Ìwòsàn wà nínú ọ̀rọ̀ yìí láti ìbẹ̀rẹ̀, ó wà níbẹ̀ kí ilé-ẹ̀kọ́ tó fi ‘eré’ ṣáájú rẹ̀ kí ó lè bá bọ́ọ̀lù àti eré sísá lórí pápá mu. Fún pápá, kò sí aburú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ‘eré ìdárayá’ kúrò lórí pápá tí ó wọ ilé ìwòsàn, ó ti di ohun mìíràn. Kí a wo ìyá àgbàlagbà kan tí ẹ̀jẹ̀ ríru fà á tí apá ọ̀tún rẹ̀ fi rọ. Ọmọ rẹ̀ gbé e síwájú ẹ̀rọ, ó ní, ‘Màmá, ẹ wá ṣe eré ìdárayá yín.’ Ìyá ní òun kì í ṣe ọmọdé. Àwọn ará ilé a máa pe èyí ní oríkunkun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá gbọ́ Yorùbá, ó sì dáhùn ohun tí wọ́n sọ fún un. Bí wọ́n bá ti pè é ní òògùn, kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó lò ó, ẹ̀rù a sì bà á láti lò ó kọjá iye.

Àbá tí ó wà nílẹ̀ kò ṣòro. Kí ‘eré’ kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ náà, kí ‘ẹ̀rọ ìdárayá’ nìkan dúró fún gbogbo ìdílé rẹ̀. Èyí tí ó bá jẹ́ ti ilé ìwòsàn, kí ó máa jẹ́ ‘ẹ̀rọ ìtọ́jú iṣan àti oríkèé’. Kí treadmill máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ bí ó ti wà, nítorí pé orúkọ yẹn gbé ìtàn rẹ̀ dání, ṣùgbọ́n kí ìwé atúmọ̀ èdè má ṣe fò ọgbà ẹ̀wọ̀n àti Jàmáíkà dá nínú àlàyé rẹ̀. Èyí tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ ni àwọn ọ̀rọ̀ ìwọ̀n: ìwúwo, òǹkà, iye ìgbà, àkókò, ìsinmi. Gbogbo wọn ni ó wà lẹ́nu oníṣòwò. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú apá kìíní rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú apá kejì, ti fi hàn pé ìgbìmọ̀ lè jókòó kí ó sì ṣe irú iṣẹ́ yìí parí. Ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ ni wọ́n ṣe tiwọn fún. Ti ara ènìyàn ni ó kù.

Wọn yóò sọ pé oníṣègùn físíò wà tí yóò fi ọwọ́ júwe fún aláìsàn. Ó wà, fún wákàtí kan, ní ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà, aláìsàn a padà sílé pẹ̀lú ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò kà fún un. Ọ̀rọ̀ náà tún le fún àwọn Yorùbá tí wọ́n ń gbé ní Accra. Àwọn ènìyàn wọn ti ń ṣòwò níbẹ̀ tipẹ́ kí òfin oṣù kọkànlá ọdún 1969 tó fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré láti kúrò nílẹ̀ Gáná, àwọn kan sì tún padà lọ. Yorùbá kò sí lára àwọn èdè tí wọ́n fọwọ́ sí fún kíkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀. Ní ilé ìwòsàn Korle Bu, Gẹ̀ẹ́sì, Gã tàbí Twi ni ó ṣeé ṣe jù kí wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀rọ fún oníṣòwò Okaishie tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú. Bí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan yóò bá dé ọwọ́ rẹ̀, inú ìwé tí wọ́n bá kọ ní Ìbàdàn, ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní Èkó ni yóò ti wá.

Gbólóhùn mẹ́rin tó fún ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀ka èdè Yorùbá kan àti ẹ̀ka físíò kan jọ jókòó tún un ṣe, kí wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé pélébé bí èyí tí ó wà nínú páálí òògùn: ‘Ẹ gùn ún fún ìṣẹ́jú márùn-ún láàárọ̀ àti ìṣẹ́jú márùn-ún nírọ̀lẹ́. Ẹ fi ìwúwo sí orí òǹkà kejì. Ẹ má ṣe fi kún un títí ẹ ó fi padà wá rí wa. Bí àyà bá ń dùn yín tàbí òòyì bá ń kọ́ yín, ẹ dúró, ẹ jókòó, kí ẹ sì pe ẹni tí ó wà nílé.’